Ihò Tí Wọ́n Dá Sí Ẹ̀gbẹ́ Gìtá Bàámi

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Mi ò parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà nìkan ni mo máa ń kọ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wá sí mi lẹ́nu ni màá ṣe gbé e kalẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí ohun tí wọ́n ṣe fún gìtá bàámi kú mọ́ mi nínú.

Gìtá onígi ni, kì í lo iná. Bàámi ti rà á kí wọ́n tó bí mi, nígbà tó ń wa ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ayépé. Egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn ń gba orí rẹ̀ kọjá nísàlẹ̀, bàámi fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ láti ara egungun màlúù, tó fi sáńpépà ha á títí tó fi ń dán. Bí mo bá ń ta á, mo máa ń fi àgbọ̀n mi lé etí rẹ̀, ohùn náà á sì máa rìn nínú eyín mi. Ṣóṣì wa ni mo ti máa ń ta á, lẹ́yìn àwọn akọrin, níbi tí ojú ò ti pọ̀ lára mi. Bí èèyàn bá kí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò dáhùn. Nígbà tí bàámi sì kú, gìtá yẹn nìkan ló kù tí mo ti lè gbọ́ ọ.

Ọ̀gá akọrin wa ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí à ń palẹ̀ mọ́ fún orin ìkórè. Ọkùnrin ńlá ni, ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìntì, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn bíi sípíkà.

"Gìtá yìí ò lahùn," ló wí. "Ẹni tó ni ín pàápàá ò lahùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá kan nínú àwọn olóhùn kejì ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Tí àwọn méjèèjì bá lahùn tán, ta ló máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn?"

Ọ̀gá ní, "Àlejò máa pọ̀ lọ́jọ́ ìkórè. Èmi fúnra mi ni màá ta á. Mo máa bá a là á lóhùn. Píkọ́ọ̀pù la máa fi sí i."

"Píkọ́ọ̀pù kẹ̀?" Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ṣé ẹ fẹ́ fi kó iṣu ìkórè ni, sà?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ọkọ̀ akẹ́rù nìkan ni píkọ́ọ̀pù tí mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ tí mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Olúwa á bù kún yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí àgbà bá ní òun fẹ́ ṣe nǹkan fún ẹ, ọpẹ́ lo máa kọ́kọ́ dá kó o tó mọ ohun tó jẹ́. Tó o bá kọ́kọ́ béèrè, wọ́n á ní o ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo dúpẹ́, mi ò béèrè, mo sì gbé gìtá náà fún un. "Là á lóhùn" tó wí, mo rò pé bí èèyàn ṣe ń lahùn ni. Mi ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń la igi ìdáná ni.

Ọjọ́ Sátidé tí ìkórè ku ọ̀la ló tó gbé e padà wá sí ṣóṣì. Bí mo ṣe ṣí àpò rẹ̀, òórùn lẹ́ẹ̀ tuntun ló kọ́kọ́ lù mí nímú. Wọ́n ti gé ihò onígun mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè, ihò tó lè gba ọwọ́ ọmọdé, wọ́n sì ti àpótí ike dúdú kan bọ̀ ọ́, tòun ti bátìrì àti iná wẹ́ẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé. Wọ́n lu ihò mìíràn sí ìdí rẹ̀ fún wáyà. Wọ́n tẹ́ píkọ́ọ̀pù náà, ohun pẹlẹbẹ kan bí okùn bàtà tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà, sábẹ́ egungun bàámi, kí àyè sì lè gbà á, wọ́n ha ìsàlẹ̀ egungun náà kúrò.

Mo ta á kí wọ́n tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Mo gbé àgbọ̀n mi lé e. Kò sí nǹkan kan nínú eyín mi. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi aṣọ dí i lẹ́nu. Egungun yẹn ló ń gbé ohùn lọ sínú igi, wọ́n sì ti fi nǹkan rírọ̀ sáàárín àwọn méjèèjì. Igi tó sì yẹ kó máa gbọ̀n, wọ́n ti gé lára rẹ̀, wọ́n tún di ẹrù rù ú.

Ọ̀gá akọrin gbà á lọ́wọ́ mi, ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Ariwo náà kún ṣóṣì, ó dé títì níbi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ohùn ike ni, ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe tó ń pariwo sínú korobá. Àwọn akọrin pàtẹ́wọ́.

"Ohùn rẹ̀ ti lọ, sà," ni mo wí.

"Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè."

"Ohùn rẹ̀ ti lọ."

"Èyí tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ yìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo kúnlẹ̀ dúpẹ́ níbí? Ṣé ẹ̀yin náà ò gbọ́ ni?"

"A gbọ́, sà," ni wọ́n dáhùn.

"Kí lo wá ń sunkún sí? Igi lásán ni. Bàbá ẹ ò sí nínú ẹ̀." Ó fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń gbá ewúrẹ́. "Gbé e lọ sílé, kó o nù ún dáadáa. Láàárọ̀ ọ̀la, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi."

"Ẹ ṣé, sà."

Mo tún dúpẹ́! Gbogbo ọ̀nà tí ọ̀kadà fi gbé mi lọ ni mo ń gé ahọ́n mi jẹ. Mo ṣépè fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní kí sípíkà rẹ̀ bú gbàmù, kí ohùn tirẹ̀ náà há sí ọ̀nà ọ̀fun níbi tó ti fẹ́ gbé orin sókè. Aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìkórè wà lọ́wọ́ mi fún títún ṣe. Mo gbé e lé orí ẹ̀rọ, mo fẹ́ dín ọrùn rẹ̀ kù títí ojú ọ̀gá á fi yọ síta. Mo wò ó, mo gbé e sílẹ̀. Aṣọ kọ́ ló ṣẹ̀ mí; mo tún un ṣe bó ṣe yẹ, mo sì fi ránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo bẹ Ọlọ́run ni pé kó má tíì dárí jì í, kó dúró dè mí ná.

Mo ti gbọ́ látìgbà náà pé irú píkọ́ọ̀pù kan wà tí wọ́n kàn ń lẹ̀ mọ́ inú igi, tí wọn kì í gé nǹkan kan. Bó bá ti béèrè lọ́wọ́ mi ni, bóyá irú èyí la ò bá wá. Kò béèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó wẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo tú gbogbo okùn sílẹ̀. Mo yọ egungun bàámi, mo fa ohun pẹlẹbẹ yẹn jáde láti inú, mo fi àlùmọ́gàjí ìgéṣọ gé e kúrò lára wáyà. Mo gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lára rúlà mi, mo fi gbé egungun náà sókè dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, mo sì fa okùn padà. Mo ta á lẹ́ẹ̀kan. Ó sàn, kò padà tán. Ihò yẹn ò ní dí láéláé.

Mi ò fọwọ́ kan bátìrì. Mi ò fọwọ́ kan àpótí náà.

Mo gbé e lọ sí ṣóṣì kí èrò tó dé, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Bó ṣe wọlé nínú aṣọ funfun rẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ṣé o nù ún?"

"Mo nù ún, sà."

"Iná ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń tàn?"

"Ó ń tàn, sà."

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa." Mo dìde, mo gba ẹ̀yìn àwọn akọrin kọjá, mo sì wá àga kan láàárín èrò, níbi tí màá ti máa rí ojú rẹ̀ kedere.