Lẹ́tà tí Mo Bá Aládùúgbò Wa Kọ sí Dókítà Orí Rédíò

Ẹ̀yin ọmọ, ìgbà tí mo ṣì kéré, tí mo rò pé ẹni tó bá mọ̀wé kọ ti mọ ohun gbogbo, èmi ni mo ń bá àwọn ará abúlé wa kọ lẹ́tà. Abúlé oníkòkó ni, nínú igbó lẹ́yìn Odigbo. Mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹrin. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba, ìlà ni à ń tò ní Ore kí a tó rí ọṣẹ àti mílíìkì rà, bátìrì sì ti wọ́n débi pé rédíò ilé wa nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń sọ̀rọ̀. Bàbá mi máa ń sá àwọn bátìrì náà sóòrùn lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, kí wọ́n lè tún lágbára díẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú ilé wa ni gbogbo abúlé ń pé sí. Ètò tí wọ́n ń wá gbọ́ ni èyí tí dókítà kan fi ń dáhùn lẹ́tà àwọn aláìsàn.

Aládùúgbò wa kan wà, ìyàwó àgbẹ̀, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta. Gààrì ló ń dín tà. Ní ọjọ́ kan tí ìyá mi lọ sóko, ó wọlé wá bá mi, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Bá mi kọ lẹ́tà sí dókítà inú rédíò. Má kọ orúkọ mi sí i o."

Ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ ló fi sọ ọ́, Yorùbá ìwé ni mo fi kọ ọ́. Títí di òní mo rántí ohun tó ní kí n kọ. "Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ mi kẹta, bí ọkọ mi bá sún mọ́ mi, ńṣe ló ń ta mí bí ata. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ rí nọ́ọ̀sì. Ó ní obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta kò yẹ kó máa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ọkọ mi ní ó ní láti jẹ́ pé mo ní ọkùnrin mìíràn. N kò ní."

Ó ń fi èékánná ha gààrì tó gbẹ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Kọ èyí náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ èmi náà. Mo fẹ́ kó tún dùn mọ́ mi."

Mo gbé bírò sókè. Mo ní, "Ṣé kí n kọ ìyẹn náà?"

Ó ní, "Ìyẹn gan-an ni kí o kọ. Bí kò bá mọ̀ pé ó ti dára rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó bàjẹ́?"

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi jẹun láti ìgbà náà wá. Mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gómìnà àti lẹ́nu ọ̀daràn, n kò tíì rí ẹlẹ́rìí tó sọ tẹnu rẹ̀ ketekete bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Dókítà náà ti kéde pé lẹ́tà tí kò bá ní àdírẹ́sì, inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ló ń lọ. Abúlé wa kò ní òpópónà, ilé wa kò ní nọ́ńbà. Ó sì ń wù mí kí n gbọ́ ohun tí mo kọ lórí rédíò. Nítorí náà mo kọ ọ́ sókè lẹ́tà pé: "Ìyá tó ń dín gààrì, ilé onípáànù tuntun, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì," mo sì fi orúkọ abúlé wa tì í. N kò kọ orúkọ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mo ti pa àdéhùn mọ́. Mo fún awakọ̀ tó ń kó kòkó lọ sí Ore, ó bá mi fi ránṣẹ́.

Ní bí oṣù kan lẹ́yìn náà, dókítà náà ka lẹ́tà náà láti orí àdírẹ́sì. Orí gbogbo ènìyàn yí sí ọ̀dọ̀ obìnrin náà kí dókítà tó ka ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó ń ṣe é. Ó jókòó lórí odó tí wọ́n dojú dé, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà náà kà á tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ìyá onígààrì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run kò dá obìnrin láti máa wá adùn nínú nǹkan yẹn, ọkùnrin ló dá a mọ́. Ìrònú ló ń dà yín láàmú. Ẹ bí ọmọ kan sí i, ara yín á balẹ̀." Ó bá bọ́ sórí lẹ́tà ẹni tí làpálàpá ń yọ lẹ́nu.

Bàbá kan lẹ́yìn wa ní, "Àṣé gààrì nìkan kọ́ ló ń gbóná lọ́hùn-ún." Ẹ̀rín bú. Ọkọ rẹ̀ yí padà, ó lọ sílé. Obìnrin náà kò wo ọkọ rẹ̀, èmi ló ń wò. Èmi ọmọbìnrin bíi tirẹ̀, kí ni mo ṣe? Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín ju àwọn tó kù lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè ẹni tó fọwọ́ kọ lẹ́tà náà.

Láti ọjọ́ náà, "Ìyá Adùn" ni àwọn ọmọdé ń pè é. Àwọn obìnrin abúlé ní ojú kò tì í. Mo gbọ́ ọ̀kan nínú wọn tó ń sọ fún ìyá mi lẹ́yìnkùlé pé, "Ṣé èmi náà ò ní in ni? Ta ni mo sọ fún?" Síbẹ̀ òun náà kò ra gààrì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ kò lù ú. Ó kàn fẹ́ ìyàwó mìíràn kí kòkó ọdún náà tó tán. Ó sọ fún àwọn àgbà pé, "Dókítà fúnra rẹ̀ ní kò sí ohun tó ń ṣe é." Obìnrin náà gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ pọ̀n, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Araromi-Obu. Àwọn ọmọ méjì yòókù kù sọ́dọ̀ bàbá wọn. Ǹ bá ti jẹ́wọ́ níwájú àwọn àgbà pé èmi ni mo júwe ilé rẹ̀. N kò sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo ń kọ ìròyìn kan nípa àwọn abiyamọ, mo bá sọ ọ̀rọ̀ náà fún dókítà obìnrin kan bí ẹni pé ìtàn ẹlòmíràn ni. Ó ní, "Ibi tó ya nígbà ìbímọ ni kò jinná dáadáa. À ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń lọ. Àwa náà, wọn kò kọ́ wa tó. Ohun tó kan ọmọ bíbí ni wọ́n ń kọ́ wa nípa obìnrin. Bóyá ara rẹ̀ ń dùn ún tàbí ó ń dùn mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó bi wá."

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Araromi-Obu. Mo bá a níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, orí rẹ̀ ti funfun. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ta ló tún ń kọ̀wé fún wa? Ọmọdé ló ṣe ọ́, mo ti fi jì ọ́ tipẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni n kò tíì rí ibi gbé e sí."

Mo sọ ohun tí dókítà obìnrin náà wí fún un. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Egbò ni?"

"Egbò ni, Màmá."

Mo ní kí a jọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ore. Ó ní, "Kí n lọ ṣe kí ni? Ọkọ ti kú." Ó wá kọjú sínú ilé, ó pe àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí òun náà ti di ìyá ọmọ. Ó ní, "Sọ ọ́ fún eléyìí lójú mi. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ìyá òun kì í ṣe oníranù."

Mo sọ ọ́. Ọmọ náà gbọ́ tán. Ó mú ọ̀bẹ kan, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì ń bẹ ẹ̀gẹ́.

Ayé ti yàtọ̀ sí tìgbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, fóònù wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò nílò ọmọ aládùúgbò kí ẹ tó béèrè ohun tó ń dùn yín. Àwọn dókítà kan ti ń tẹ́tí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì ń bá èyí tó ń rẹ́rìn-ín pàdé. Ní tèmi, ènìyàn méjì péré ni mo tíì sọ fún pé egbò ni, obìnrin náà àti àbíkẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó dàgbà sílé bàbá wọn, tí wọ́n ń gbọ́ "Ìyá Adùn" lójoojúmọ́, mo gbọ́ pé ọ̀kan wà ní Agbabu. N kò tíì lọ.