Páàkì Tí Kò Ní Mọ́tò

Èmi ni mo dá wàhálà náà sílẹ̀, ó sì yẹ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wa, ìlú kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà Akanran. Bí lẹ́tà tí wọ́n fi èdè òyìnbó kọ bá ti dé ilé baálẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, lẹ́tà kan ti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún pápá tí àwọn bàbá wa ti ń wọn kòkó láyé ọjọ́un ṣe, èyí tó ti di ti ewúrẹ́ àti agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di páàkì, ará ìlú ni yóò sì sọ bí àwọn ṣe fẹ́ kó rí. Bí mo ṣe kà á náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀: "Ìjọba fẹ́ ṣe páàkì fún wa. Gbogbo ará ìlú, ẹ wá sọ èrò yín ní àárọ̀ Sátidé." Wọ́n kà á ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ẹnì kan sì gbé e sórí Wasáàpù.

Mo ti gbàgbé pé páàkì kan ṣoṣo la mọ̀ ní ìlú wa, ìyẹn ibi tí mọ́tò ti ń kó èrò.

Nígbà tí Sátidé tí à ń wí yìí fi máa pé, àwọn ọlọ́kadà ti tò síwájú ilé baálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ pàdé ìyàwó. Wọ́n ti yan alága páàkì, wọ́n ti yan igbákejì. Ní òdìkejì, àwọn obìnrin tí ẹ̀yìnkùlé wọn kọjú sí pápá náà ti wá, ojú wọn le koko. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ya àwòrán ilé àti ọgbà fún ìjọba ìbílẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó kó bébà gígùn sí abíyá, ó kúnlẹ̀ kí baálẹ̀, ó sì yíjú sí wa.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí mi. A fẹ́ kí ẹ sọ irú páàkì tó wù yín fún wa."

Alága ọlọ́kadà ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀. "Bọ́ọ̀sì mẹ́wàá ló yẹ kó lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n sì ya ti ọ̀kadà sọ́tọ̀, nítorí àwọn awakọ̀ yìí máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Obìnrin kan fò dìde. "Bọ́ọ̀sì mẹ́wàá lẹ́yìn fèrèsé mi? Kí èéfín wá máa bá mi jẹun? Kò lè ṣẹlẹ̀!"

Ariwo ta. Ayàwòrán ń wò mí, èmi náà ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, mo dìde, mo ní àṣìṣe tèmi ni. Mo ní páàkì yìí kì í ṣe ti mọ́tò, ọgbà ìgbafẹ́ ni.

"Páàkì tí kò ní mọ́tò?" Alága ọlọ́kadà ló ń bèèrè. "Kí wá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń jókòó, sà," ni ayàwòrán dáhùn. "Wọ́n ń rìn kiri, wọ́n ń gba atẹ́gùn."

"Ṣé atẹ́gùn ò sí nílé wa ni?"

Baálẹ̀ fúnra wọn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Ayàwòrán tẹ́ bébà rẹ̀ sórí tábìlì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀. Ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun koríko, ó fi aláwọ̀ búlúù ya ibi tí omi yóò ti máa tú jáde láàárín. Àwọn àgbà yí bébà náà po, bàbá kan yí bébà náà sí apá kejì, ó ní, "Mọ́ṣáláṣí dà?" Kálukú ń mi orí, wọ́n ń wí pé ó dára, ó dára. Mo mọ irú orí mímì yẹn dáadáa. Báyẹn ni àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń mi orí tí ìṣirò kò bá yé wọn. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, nígbà tí ìpàdé fi máa tú, èrò ènìyàn mẹ́ta péré ni mo rí kọ, ọkùnrin sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo rí i lójú ayàwòrán pé kò dùn mọ́ ọn nínú.

Ìyá mi wà nínú ìpàdé náà. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n jókòó sí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọn kò sì la ẹnu. Ìyá tí mo mọ̀ yìí kì í ṣe aláìlẹ́nu. Àgbẹ̀ ni wọ́n láti kékeré, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ wọ́n ń lọ sóko lójoojúmọ́ àyàfi Jímọ́ọ̀. Nígbà tí a délé, mo bèèrè ohun tó dé tí wọn kò sọ̀rọ̀.

"Kí ni kí n sọ? Bébà ni wọ́n ń fi hàn mí. Èmi ò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n mo mọ ilẹ̀ kà. Bí ọmọ yẹn bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, kó gbé ọgbà rẹ̀ kúrò lórí bébà, kó wá gbé e lélẹ̀ fún mi."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni. Àṣé wọ́n ti ń gbèrò. Nígbà tí mo fi máa jí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti kó àwọn ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbé iṣu dúró jọ sí ẹnu ọ̀nà, torí ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọ̀pá wọ̀nyí kò níṣẹ́. Wọ́n ti ká okùn lé wọn lórí. Wọ́n ní, "Pe ọmọ tó ń ya àwòrán yẹn lórí fóònù."

Ọjọ́ Túsìdeè ni ayàwòrán dé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó di bébà rẹ̀ mú, ó ń ka ìṣísẹ̀. Ìyá mi ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń gún ọ̀pá mọ́lẹ̀, èmi ni mo ń ta okùn. Kí a tó kírun ọ̀sán, a ti ya gbogbo ọgbà náà sórí pápá. Ibi tí a ta okùn sí ni ògiri yóò wà, ibi tí a gbé òkúta sí sì ni ìjókòó.

"Ọmọ mi," ìyá mi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, "wá jókòó sórí ìjókòó rẹ."

Ọmọbìnrin náà jókòó sórí òkúta. Oòrùn ọ̀sán ọyẹ́ wà lókè gangan. Ó fi ọwọ́ bo orí. Kò pẹ́ tí òógùn fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn lójú rẹ̀.

"Ṣé atẹ́gùn náà ń fẹ́ sí ọ dáadáa?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìkókòósí àtijọ́ tó wà létí pápá, níbi tí òjìji máa ń wà láti ọ̀sán títí di alẹ́. Ó dìde, ó gbé àwọn òkúta náà lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

A ṣì ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́ nígbà tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí dé láti oko. Ọ̀nà tóóró kan wà tó la àárín pápá yẹn kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà ru ẹ̀gẹ́ lọ sí ibi ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń rin ín. Kò sí nínú àwòrán rárá. Obìnrin tó ṣíwájú dé ibi okùn, ó dúró, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wúwo lórí rẹ̀.

"Ta ló ta okùn sójú ọ̀nà?"

"Ògiri ọgbà ni," ni ayàwòrán fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn.

"Ògiri kẹ̀? Ṣé kí n fò ó ni, àbí kí n yí ìlú po pẹ̀lú ẹrù yìí?"

Ìkejì dé, ó dúró. Ìkẹta dé. Láìpẹ́, obìnrin bíi mẹ́jọ ti tò sẹ́yìn okùn, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan náà tí wọn kò sọ ohun kan ní ìpàdé ni o! Wọ́n ní ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ wà, kó sì fẹ̀ tó obìnrin méjì tí ẹrù wà lórí wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ibi tí àwọn lè sọ ẹrù kà, kó ga dé ìgbáàyà, kí ènìyàn lè sọ̀ ọ́ láìwá olùrànlọ́wọ́. Wọ́n ní omi tó ń tú sókè kò wúlò fún àwọn, ẹ̀rọ omi tí àwọn lè fi bọ́jú kí àwọn sì mu ni àwọn fẹ́. Mo sáré mú ìwé, mò ń kọ, ọwọ́ mi kò sinmi. Ìyá mi kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn.

A fi àwọn ọ̀pá náà sílẹ̀ títí di Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ yẹn dùn. Alága ọlọ́kadà ń jókòó sórí òkúta wa lọ́sàn-án, ó ń dúró de èrò, ó sì gbà fúnra rẹ̀ pé atẹ́gùn ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé. Ewúrẹ́ jẹ okùn ní ibi méjì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ní tiwọn ń fa ọ̀pá tó pa ààlà ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀lù síwájú ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi ń dá a padà láàárọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi bá wọn pàdé lórí pápá.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni ọ̀dọ́mọkùnrin wẹ́dà kan, tó ń jó irin, tó sì jẹ́ balógun wọn, wí, ó dọ̀bálẹ̀. "Pápá tí ẹ fún wa yìí kéré. Bí a bá gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó ti dé ọ̀nà àwọn ìyá wa."

"Kí ẹ kó bọ́ọ̀lù yín lọ sétí odò nígbà náà. Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni."

"Mà, ẹ ò tíì wò wá rí."

Òótọ́ ni, ìyá mi kò wò wọ́n rí. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá wòran lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ìyá mi sì gbà láti fi hàn án pé ọ̀lẹ ni. Mo gbé àga fún wọn. Ní ìdajì àkọ́kọ́, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù bí ẹni ń wo ẹni tó fi oúnjẹ ṣòfò. Nígbà tó di ìdajì kejì, wẹ́dà yìí gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, ó wọlé, ìyá mi sì fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ìborùn wọn fi bọ́ sílẹ̀. "Ó wọlé! Ó wọlé!" Nígbà tí wọ́n rí i pé mò ń wò wọ́n, wọ́n jókòó, wọ́n tún ìborùn wé. Ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà kì í ṣe góòlù nìkan. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ náà dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni bọ́ọ̀lù ń yí sí. Wọ́n ní kí wọ́n yí pápá náà sí ìbú, kí ojú góòlù kọ ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n sì sọ fún wẹ́dà náà lójú gbogbo ènìyàn pé, "Mo ṣì ọ́ pè. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ." Èmi tí wọ́n bí, n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí.

Nígbà tí Sátidé dé, orí pápá ni a ti ṣe ìpàdé. Ayàwòrán kò tẹ́ bébà kankan. Ó ní, "Kí kálukú lọ dúró síbi tó fẹ́ máa wà nínú ọgbà yìí." Àwọn ènìyàn wo ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ síbi tiwọn. Àwọn ọlọ́kadà lọ sí etí títì níbi tí òjìji wà. Baálẹ̀ rìn lọ síbi tí ẹ̀rọ omi yóò wà, wọ́n ní òùngbẹ ni ọ̀tá àgbà. Àwọn obìnrin tò sójú ọ̀nà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ayàwòrán ń lọ kiri, ó ń sàmì sí ibi gbogbo.

Èmi wà láàárín pẹ̀lú ìwé mi.

"Ìwọ ńkọ́?" ni ìyá mi ké sí mi látọ̀dọ̀ wọn. "Níbo ni tìrẹ?"

Mo ṣí ìwé ọwọ́ mi wò. Èrò gbogbo ìlú wà nínú ìwé yẹn, tèmi ò sí níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, tí mo sì padà sílé ìyá mi, ohun tí àwọn ẹlòmíràn fẹ́ ni mo ń ṣe, n kò bi ara mi léèrè ohun tó wù mí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Igun kan wà lápá oko, níbi tí ènìyàn ti lè rí òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì sí ẹni tó dúró síbẹ̀. Mo rìn lọ síbẹ̀, mo dúró. Ayàwòrán wá bá mi, ó sàmì sí i, kò bi mí ní ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ náà pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kì í sì ṣe gbogbo ohun tí a sọ ni wọ́n ṣe. Òrùlé tí àwọn ọlọ́kadà fẹ́ lórí ibi tí wọ́n ti ń dúró de èrò kò tíì dé títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà, ó fẹ̀, ibi ìsọ-ẹrù sì wà ní ìgbáàyà gẹ́lẹ́. Ìjókòó kan wà ní igun tèmi. Bí ilé ìwé bá ti parí, mo máa ń jókòó síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan, mo máa ń kàwé, nígbà míì mi ò ka ohun kankan.

Ní oṣù tó kọjá, ayàwòrán pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, lápá Moniya, wọ́n sì ní kó ṣe ọgbà fún wọn níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ bá mi bẹ màmá. Wọ́n ń mi orí fún mi níbí náà."

Ìyá mi kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n ń wọ lọ kírun ọdún, wọ́n wé gèlè, wọ́n di ọ̀pá iṣu méjìlá pọ̀, alága ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ ló sì gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n padà dé, erùpẹ̀ dé orúnkún wọn. Mo bèèrè bí ibẹ̀ ṣe rí.

"Ilẹ̀ wọn lókùúta púpọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ wọn. "Ọ̀pá mẹ́rin ló dá. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wọn lẹ́nu o, mi ò tilẹ̀ ráyè sọ̀rọ̀. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé màá tún padà lọ́jọ́bọ̀."