Òwú Ara Páìpù

Bí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù bá ti pé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dí bàbá mi lọ́wọ́. Á mú àkísà gbígbẹ, á fi nu gbogbo oríkèé páìpù abẹ́ síǹkì. Bí àkísà bá tutù pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Á da búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sínú táńkì ilé ìyàgbẹ́, á ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fa omi. Tí búlúù bá sọ̀ kalẹ̀ sínú àwo ìyàgbẹ́ fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé táńkì ń jò. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni o, kò kọ́ṣẹ́ omi níbì kankan. Ṣùgbọ́n kí táàpù tó kán lẹ́ẹ̀mejì, màmá mi á ti figbe ta: “Bàbá Sípánà!” Ká sọ òótọ́, igbe yẹn ló ń mú un jí láàárọ̀.

Ẹ̀bi tèmi ni. Èmi ni mo lọ fẹ́ púlọ́ńbà.

Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ bá wọn tún táàpù ilé ìdáná ṣe, kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Màmá mi sì fi ọjọ́ mẹ́ta yìn ín. “Ọmọ yìí mọṣẹ́ o! Ẹ wò ó, kò kán mọ́ rárá.” Bàbá mi ń jẹun lọ, ojú rẹ̀ le koko. Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ ń pé méjì obìnrin kò dénú; ẹni tó sọ ọ́ kò tíì rí ọkùnrin tí wọ́n gba síǹkì lọ́wọ́ rẹ̀. Owú ń jẹ bàbá mi, ó sì ń jẹ ẹ́ dé eegun.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí màmá mi jáde, ó tú táàpù yẹn palẹ̀, ó já téèpù funfun tí ọkọ mi fi wé ẹnu rẹ̀ kí omi má baà jò dànù, ó wá fi òwú wé e bíi ti àtijọ́. Inú ń bí i, ó wé e sódì. Ìgbà tó ń dè é, òwú náà ń tú.

Lọ́jọ́ kejì, omi ya bo ilé ìdáná. Bàbá mi wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Màmá mi pè wá, a sáré dé, ọkọ mi ti omi pa, ó tú táàpù, ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò fẹ́ tú àṣírí àgbà, ló bá fi fóònù kọ̀wé ránṣẹ́ sí i jẹ́jẹ́: “E ma binu, Baba. Owu lo fa a. Mo ti n yo o kuro.”

Òun tó fi ọgbọ̀n ọdún na ọmọ ọlọ́mọ nítorí àmì ohùn, kò bi ara rẹ̀ léèrè pé owu wo nìyí. Ó já wọlé, wọ́n gé irun rẹ̀ dé ìdajì.

“Ta ló ń jowú? Èmi? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń tún ilé yìí ṣe! Ó dáa, mò ń jowú! Èmi ni ìyàwó mi máa ń pè tẹ́lẹ̀. Ìwọ ló ń pè báyìí!”

Ọkọ mi na òwú tútù sí i. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òwú ni mo wí. Òwú ara páìpù.”

Mo wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà, màmá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó na fóònù rẹ̀ sí bàbá mi.

“Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè yín kí n tó pe ọmọ yìí. Ẹ ò gbé e.”

Bàbá mi wo ilẹ̀ tó tutù.

“Mo rí i,” ó ní. “Mo rò pé o fẹ́ ní kí n bá ẹ pè é ni.”