Ìkúnlẹ̀ Ìrọ̀lẹ́

Láàárọ̀, ìyàwó rere ni màmá mi. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti di agbéraga. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, ló ń sọ bẹ́ẹ̀ káàkiri agbo ilé wa ní Ìkirè nígbà tí sójà ń ṣèjọba, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, màmá mi á kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà, wọ́n á sì dìde bí ọmọge. Bí wọ́n bá ti ibi tí wọ́n ti ń din dòdò létí títì dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á kàn fọwọ́ ti ògiri, wọ́n á tẹrí ba díẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà," wọ́n á sì kọjá lọ. Ìpéǹpéjú wọn á ti wálẹ̀ dé ìdajì ẹyinjú, bíi ti ẹni tó ń wo èèyàn tìkà-tẹ̀gbin.

"Ṣé ẹ rí ojú tó fi ń wò mí?" Ìyá Àgbà á wí. "Orúnkún tó ká láàárọ̀, kí ló mú un gan nírọ̀lẹ́?"

Màmá mi ní ó rẹ àwọn ni. Ṣùgbọ́n obìnrin wo ló ń din dòdò látàárọ̀ tí kì í rẹ̀? Èmi tí mo ń bá wọn tajà mọ̀ pé tiwọn yàtọ̀. Bó bá ti di ọwọ́ alaasari, wọn kì í lè gbé ṣíbí mọ́, ẹ̀bà a sì máa há wọn lọ́fun. Mo sọ ọ́ nílé, wọ́n ní mi ò lè ṣe kí n má gbè sẹ́yìn ìyá mi. Òótọ́ ni, mò ń gbè sẹ́yìn wọn.

Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà ránṣẹ́ sí ẹbí màmá mi ní Apòmù pé kí wọ́n wá mú ọmọ wọn. Bàbá mi ò dá a lẹ́kun. Àárọ̀ la máa ń ṣe ìpàdé ẹbí nílé wa, kí oòrùn tó mú. Lọ́jọ́ tí àwọn ará Apòmù dé, màmá mi ti sùn mọ́jú, ara wọn ti balẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ fún gbogbo àgbà tó wà nínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dìde, wọn ò sì fọwọ́ kan ògiri. Wọ́n rò pé àwọn ń tún ọ̀rọ̀ ara àwọn ṣe ni.

Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin ará Apòmù, ẹ ti fojú ara yín rí i. Ó lè kúnlẹ̀! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin dorí kodò. Ẹbí méjèèjì fẹnu kò pé bí ìwà màmá mi ò bá yí padà títí di ọdún Iléyá, kí wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mo kórìíra ìyá arúgbó yẹn. Mo fẹ́ kí orúnkún tirẹ̀ náà gan.

Kí Iléyá tó dé, omi tí màmá mi bá mu nírọ̀lẹ́ ti ń gba imú jáde. Ẹ̀rù wá ba gbogbo ilé. Ìyá Àgbà bá wa dé ilé ìwòsàn ńlá kan n'Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi etí ara àwọn gbọ́ ohun tí dókítà máa wí. Dókítà obìnrin kan ní kí màmá mi gbójú sókè, kí wọ́n tẹjú mọ́ àjà. A ń wò wọ́n, ìpéǹpéjú méjèèjì ń rọra wálẹ̀ láàárọ̀ kùtù, títí ojú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Dókítà gún wọn lábẹ́rẹ́ lápá. Ká tó wí, ojú là kedere, ojú tí wọ́n ní nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Kò pẹ́ tó fi tún wálẹ̀.

"Mama, àìsàn ni," dókítà sọ fún Ìyá Àgbà. "Ara wọn ló ń bá iṣan ara wọn jà. Bí wọ́n bá sinmi, iṣan á lágbára; bí wọ́n bá ti ń lò ó, á máa dẹ̀."

Wọ́n ya fọ́tò àyà wọn. Ẹran kékeré kan wà lẹ́yìn egungun àyà tí gbogbo wa ní, tó máa ń súnkì béèyàn ṣe ń dàgbà. Tiwọn ti di kókó, ó sì wà lára ohun tó ń fa àìsàn náà. Àfi kí wọ́n la àyà kí wọ́n yọ ọ́, ó sì ṣeé ṣe kí màmá mi má jí. Wọ́n dá màmá mi dúró síbẹ̀. Bí a ṣe ń padà bọ̀, mọ́tò gun afárá odò Ọ̀ṣun. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti bú sẹ́kún.

"Aláìsàn ni mo fẹ́ lé," ni wọ́n ń wí ṣáá.

Màmá mi jí. Àpá gígùn wà láyà wọn, oògùn ò sì gbọdọ̀ wọ́n lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀bà tún ń lọ, ṣùgbọ́n àìsàn náà ò tán. Ìrọ̀lẹ́ ṣì ń dá wọn lágara. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n délé, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀, Ìyá Àgbà pariwo.

"Má kúnlẹ̀ fún mi! Àárọ̀ ni kó o máa kí mi. Kó o máa fi ti ìrọ̀lẹ́ kún un."

Bó ṣe di àṣà ilé wa nìyẹn. Láràárọ̀, màmá mi á kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà." Ìyá Àgbà á dáhùn méjèèjì. Àlejò a máa rò pé orí wọn ò pé.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà kú lójú oorun, kí màmá mi tó lọ kí wọn. Gbogbo ọjọ́ náà, màmá mi ò ráyè jókòó. Wọ́n ń gbàlejò, wọ́n ń gbé omi. Lẹ́yìn ìrun alaasari, nígbà tí wọ́n ti fi aṣọ funfun wé òkú tán, màmá mi fọwọ́ ti ògiri wọ yàrá. Ìpéǹpéjú wọn ti wálẹ̀. Mo fẹ́ dì wọ́n mú, wọ́n ní kí n fi àwọn sílẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni wọ́n wí. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà."

Wọn ò lè dìde. Èmi àti bàbá mi la gbé wọn dìde.