Olùkọ́ Ìjọ Tó Sín Bàbá Mi Jẹ

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé inú burúkú ni mo ní. Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n rí ohun tí olùkọ́ ìjọ ṣe sí bàbá mi ní Ìkòròdú, kó tó di pé a gba òmìnira, wọn ì bá má fi orúkọ yẹn pè mí.

Bàbá mi ni lémọ́mù mọ́ṣáláṣí kékeré àdúgbò wa. Olùkọ́ ìjọ ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí wa, ògiri kan ló sì pààlà ilé rẹ̀ àti tiwa. Àwọn méjèèjì ò lè rí ara wọn kí wọ́n má ṣẹ̀fẹ̀. Bí ààwẹ̀ bá dé, olùkọ́ á yọrí lójú fèrèsé: "Lémọ́mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa gúnyán sààrì yín. Ẹ̀yin lẹ ń gbààwẹ̀, àwa lẹ ò jẹ́ kó sùn!" Bàbá mi á ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, tí ẹ fi ogójì ọjọ́ gbààwẹ̀, tí ẹ tún sanra sí i?" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Bí Iléyá bá dé, itan àgbò á kọjá sílé olùkọ́. Bí Kérésìmesì bá ku ọ̀la, òun náà á ránṣẹ́ pe bàbá mi pé kó wá du ewúrẹ́ òun. Ìdajì àwọn tó ń bá a jẹ ọdún ló jẹ́ Mùsùlùmí, wọn kì í sì í jẹ ẹran tí wọn ò fi bísímílà pa. Ọ̀bẹ bàbá mi nìkan ló ń wọ ilé náà. Kò sí ààfáà kankan tó jẹ́ gba iṣẹ́ yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́dún kan, àìsàn kọ lu bàbá mi, apá kan ara rẹ̀ rọ. Ara yẹn padà bọ̀ sípò, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ wúwo. Bó bá fẹ́ pe "Bísímílà", á há sórí "Bí" fúngbà díẹ̀. Àwọn tó ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ ní sùúrù fún un, ó sì ń ṣíwájú wọn lọ.

Ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni olùkọ́ bà á jẹ́. Gbogbo àdúgbò ló lọ ra iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní bàsá wọn, wọ́n sì fún bàbá mi ní àga níwájú. Olùkọ́ wé táwẹ̀lì mọ́rí, ó wọ́ ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀: "Bí-bí-bí-bí..." Ó ní, "Ọlọ́run á ti sùn lọ kí Lémọ́mù wa tó parí!" Ẹ̀rín sọ. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, kò jáde. "Ẹ wá ẹlòmíràn," ló wí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti kúrò níwájú ìrun, tó jókòó sí yàrá, tí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ ohùn òun.

Ká fi ẹ̀sìn ara wa ṣẹ̀fẹ̀, èyí ò dun ẹnikẹ́ni. Ṣé àìsàn bàbá mi náà lẹ̀sìn ni? Màmá mi ní kí n fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run. Mo ní ó dáa, àmọ́ èmi náà á ràn án lọ́wọ́.

Kérésìmesì sún mọ́lé. Ìdílé Mùsùlùmí kan ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ ọdún náà wá tọrọ ọmọ olùkọ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ó ku ọ̀la ni ọmọbìnrin náà wá: "Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá mi ní kí Lémọ́mù wá du ewúrẹ́." Mo dí ẹnu ọ̀nà. "Lọ sọ fún bàbá rẹ pé ọ̀bẹ wa ti kú. Ẹnu tiwọn mú dáadáa, kí wọ́n fi du ú."

Olùkọ́ ì bá wá bẹ̀bẹ̀. Ìgbéraga ò jẹ́. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ewúrẹ́ náà.

Àwọn àna dé, wọ́n gbóúnjẹ kalẹ̀. Mo ti dúró ti ògiri, kí n lè fojú ara mi rí i. Àgbà inú wọn béèrè pé, "Ta ló du ẹran yìí?" Olùkọ́ ní, "Èmi ni." Gbogbo wọn fa ọwọ́ sẹ́yìn. Àgbà náà ní, "Ẹ mọ̀ pé Mùsùlùmí ni wá, ẹ ò sì rí aládùúgbò kan pè? Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Ìgbà yẹn ni olùkọ́ sáré wá, kò dé fìlà. Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ sín bàbá mi jẹ ná, Olùkọ́. Mi ò gbọ́ ti ọjọ́ ìkórè dáadáa." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. "Lémọ́mù, ẹ má wo tèmi. Ẹ ṣàánú ọmọ mi."

Bàbá mi jáde tòun tọ̀bẹ. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, ó gbọn ọwọ́ mi dànù.

Níwájú àwọn àna, ó ní kí wọ́n mú àkùkọ wá, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ di ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ mú. Ó gbé ọ̀bẹ. "Bí..." "Bí... Bí..." Àkùkọ ń jà, olùkọ́ tún un dì mú, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wà lórí ahọ́n tó fi ṣẹlẹ́yà, kò sì sóhun tó lè ṣe ju kó dúró lọ. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kó tó jáde: "Bísímílàhi, Àláhù Àkúbárù!" Àwọn àna padà jókòó.

Bí a ti ń lọ sílé, mo fìbínú sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ tún jẹ́ kó rí yín níbi tí ahọ́n yín ti ń há."

Bàbá mi nu ọ̀bẹ, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "'Bí' àkọ́kọ́ nìkan ni ahọ́n. Ìyókù, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ yó."

Wọ́n ti ń pe ìrun alásáàrì. Kò yà sílé. Ó gba mọ́ṣáláṣí lọ, ó kọjá lára gbogbo àwọn tó fẹ́ kírun, ó lọ dúró níwájú.