Ẹ́ńjìnnì Méjì àti Obì Aláwẹ́ Mẹ́rin

Ọkọ̀ kan kọjá níwájú ilé wa ní Ṣàgámù láàárọ̀ yìí, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ nìkan ni wọ́n tún ṣe, kó lè pariwo. Mo mọ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kọ́ mi ní ìyàtọ̀ àárín ariwo àti eré nígbà tí mi ò tíì mọ irun dì.

Síkírù lorúkọ rẹ̀. Obì ni Bàbá wa ń tà. Àgbàlá wa kún fún apẹ̀rẹ̀ àti ewé tí a fi ń bo obì kó má gbẹ, òórùn rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ lé wa dé ilé-ìwé. Síkírù nìkan ló ń rùn bí epo ọkọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí Bàbá fi ń kó obì lọ Èkó kú, Síkírù, tó ti kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì parí, ni wọ́n ní kó lọ yan òmíràn. Ó rí méjì, ọ̀kan láti ilẹ̀ Faransé, ọ̀kan láti Japan, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ni méjèèjì. Kò sùn dáadáa mọ́.

Obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ló fi ṣàlàyé fún mi. Ó la ọ̀kan, awẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín. "Ti Japan nìyí. Ó yá lẹ́sẹ̀ ju èkejì lọ, àmọ́ àwọn tó ṣe é ti gbẹ́ inú rẹ̀ tán. Kò sí ibi tí a óò tún ha." Ó la èkejì, awẹ́ rẹ̀ nípọn. "Ti Faransé rèé. Ọ̀lẹ ni báyìí, àmọ́ ó lẹ́ran lára. Mo lè gbẹ́ inú rẹ̀ kó fẹ̀ sí i, kí n sì fá orí rẹ̀, irin tó bò ó lókè, kó fẹ́lẹ́ sí i. Ìgbà yẹn lo máa rí eré." Mo jẹ obì méjèèjì, ẹnu mi korò, mo sì gbà á gbọ́.

Ti Faransé ló yàn. Nígbà tí Bàbá gbọ́ ohun tó ṣe, wọ́n ṣí fìlà. "Wẹ́n fá orí ẹ́ńjìnnì mi? Ta ló kú?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà sì sáré lóòótọ́. Àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ títí dé Ìkẹ́nnẹ́.

Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá fá lórí tètè máa ń gbóná. Síkírù bẹ Bàbá kí wọ́n má tíì di ẹrù kún un, kí òun kọ́kọ́ wá rádíétọ̀ tó tóbi. Bàbá ní obì kì í dúró de rádíétọ̀. Ní òkè kan lọ́nà Símáwà, omi hó, orí ẹ́ńjìnnì là, obì sì wà nínú oòrùn títí ó fi rọ. Bàbá kò na Síkírù, wọn ò sì pariwo. Wọ́n kàn ní kó lọ bá àbúrò wọn kan tó ń ta obì ní Kano, kó má fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Ìyá wa kúnlẹ̀ títí, Bàbá ò gbà. Mo di aṣọ Síkírù mú ní gáréèjì, ṣùgbọ́n kí ni ọwọ́ ọmọdé lè dá dúró? A gbúròó rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kúrò lọ́dọ̀ àbúrò Bàbá, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Lónìí, agbára káká lẹ máa fi rí ẹni tó ń gbẹ́ inú ẹ́ńjìnnì níbí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, wọn á yọ ọ́, wọn á gbé tòkunbọ̀ mìíràn sí i, ọkọ̀ á sì máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Obì ṣì ń kún Ṣàgámù ní tirẹ̀.

Nígbà tí Bàbá dàgbà tán, tí wọn ò lè dìde mọ́, wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé Síkírù sọ pé kí n dúró de rádíétọ̀ yẹn?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Wọ́n ní, "Bá mi pè é."

Mo dìde. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró síbẹ̀, torí mi ò mọ ibi tí ǹ bá kọjú sí kí n tó pè é.