Ọmọ Ọlọ Lórí Igbá

Lọ́sàn-án àná, bí mo ṣe ń rán ọwọ́ báàgì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Balógun, mo gbọ́ kó-kó-kó lẹ́yìn mi. Ọmọ ìyá tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló da abọ́ oníke délẹ̀, tó ń fi ìka kàn án. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo ti ṣí abọ́ náà. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ wò mí tòkè-tilẹ̀.

“Bọ̀dá, kí lẹ ń wá lábẹ́ abọ́ ọmọ ọlọ́mọ?”

Mo ní kò sí. Irọ́ ni. Láti kékeré ni mo ti ń ṣí igbá, abọ́ àti ìkòkò tí wọ́n bá da ojú rẹ̀ délẹ̀, nítorí òròmọdìyẹ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìsàlẹ̀ Èkó bó ṣe rí báyìí, tí ilé ń fún ilé lọ́rùn, ẹ lè máà gbà pé a sin adìyẹ níbẹ̀. A sìn ín. Agboolé wa ní àgbàlá láàárín, kànga wà níbẹ̀, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tí kì í so náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá bàbá mi, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Àgbà, ti ń sin adìyẹ tirẹ̀. Àgbàdo tó bá dà sílẹ̀ lára àpò àwọn alágbàdo ní Èbúté Èrò la máa ń gbá wá fún wọn, tòun ti iyanrìn.

Àwòdì ni ọ̀tá Ìyá Àgbà. Létí ọ̀sà ni wọ́n ti ń wá ẹja, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn òròmọdìyẹ, wọn a gbàgbé ẹja. Nítorí náà, bí adìyẹ bá ti pamọ, Ìyá Àgbà a po aró sínú abọ́, a rì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwòdì kì í gbé ohun tí kò dá mọ̀. Wọn a wá máa rìn kiri bí ọmọ tí wọ́n rán aṣọ Iléyá fún, ìyá wọn náà a máa wò wọ́n kọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọmọ fún ní ọsibítù.

Risi ló máa ń bá a di wọ́n mú. Ọmọ ayálégbé tó wà ní yàrá ẹnu ọ̀nà ni, ẹgbẹ́ mi ni, a jọ ń lọ ilé kéú ni. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mẹ́sàn-án ni adìyẹ pa, ìkẹyìn kò sì lè dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ bí òwú. Ìyá Àgbà gbé e sókè, ó ní eléyìí kò ní pẹ́ kú. Risi kúnlẹ̀.

“Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ eléyìí láró. Òtútù á pa á. Màá máa ṣọ́ ọ.”

“Ìwọ tí o ò lè ṣọ́ bàtà ẹsẹ̀ ẹ?” Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Tí ò bá kú, tìẹ ni.”

Títí di ọjọ́ yẹn, àlòkù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni gbogbo ohun tí Risi ní. Ó fi gèlè àtijọ́ wé òròmọdìyẹ náà sínú agbọ̀n. Ó ń fi ìka rún ìrẹsì sí i lẹ́nu, horo kan, horo kan. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, òròmọdìyẹ náà ti ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tẹ̀ lé e.

Ìyá Àgbà kọ́ wa ní ohun kan: bí òròmọdìyẹ bá dákú, ẹ fi igbá bò ó, kí ẹ máa fi ìka kan igbá náà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ìró náà ni yóò pè é padà. Bó bá ti ké, kí ẹ ṣí i kíá, kó lè mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n rán Risi lọ gbá àgbàdo wá. Ó ní, “Má gbójú kúrò lára ẹ̀ o. Búra.” Mo búra. Kò tíì jìnnà tí òròmọdìyẹ fi ṣubú, tó na ẹsẹ̀. Mo fi igbá bò ó, mo ń kàn án títí ó fi ké. Inú mi dùn bí ẹni tó jí òkú dìde. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọmọ àdúgbò dé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́.

“Ìyá adìyẹ! Wá dúró ní gólì jàre!”

Mo wo òkè, àwòdì kan ń yí po. Mo wo ẹ̀gbẹ́ kànga, ológbò jókòó síbẹ̀. Mo ní abẹ́ igbá yẹn náà ló ti máa bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá. Mo gbé ọmọ ọlọ lé e lórí kí ológbò má baà ṣí i. Mo ní mi ò ní pẹ́.

Nígbà tí mo padà, òjìji ògiri ti kúrò lórí igbá, oòrùn ló wà níbẹ̀. Mo kàn án. Mo kàn án títí.

Mo sọ òkú rẹ̀ sínú gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí ọ̀sà. Mo da igbá dé padà, mo tún gbé ọmọ ọlọ lé e, nítorí ọkàn mi kò sí lára mi mọ́. Nígbà tí Risi dé, mo ní àwòdì gbé e.

Mo rò pé yóò lù mí. Ó sọ àgbàdo kalẹ̀, ó gbójú sókè. “Èmi ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n má rẹ ẹ́ láró.” Ó wá bi mí pé, “Ṣé ó ké?”

Mo ní, “Ó ké díẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ti ilé kéú dé, Risi a mú igi, a dúró ti kànga, a máa wo òkè, àní nígbà tí àwọn òròmọdìyẹ tó kù ti tóbi ju ohun tí àwòdì lè gbé lọ. Ìyá Àgbà ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì lọ́jọ́ kan, kò wojú mi tó fi ní, “Àwòdì kì í gbé ọmọ ọlọ lé igbá. Lọ bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀.” Mo ní lọ́la. Lọ́la ni mo ń wí títí àwọn òbí Risi fi kó lọ sí Ìkòròdú. Ó jókòó sórí ẹrù nínú ọkọ̀, gbogbo wa ń juwọ́ sí i. Òkè ló ń wò.

Ìyá Àgbà ti lọ. Wọ́n ti wó agboolé náà, wọ́n ti dí kànga, ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n ń kó páálí ọjà sí ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi kò mọ ohun tí aró ń ṣe lára adìyẹ. Àwọn àwòdì nìkan ni kò kó lọ. Wọ́n ṣì ń yí po lókè Èbúté Èrò, bí mo bá sì rí wọn, ojú máa ń tì mí, nítorí mo parọ́ mọ́ wọn.

Risi, bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí fún ọ: kì í ṣe ọ̀rọ̀ aró. Àwòdì kò gbé e. Ó sì ké, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà agboolé ni gólì wa wà, mo ń gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí. Mo ní ẹ jẹ́ ká gbá eléyìí tán ná.